Láti inú fìtílà elépo dé orí pánò sólà: ìtàn ìmọ́lẹ̀ ilé wa

Ìtàn tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun. Ìtàn iná inú ilé ni. Orí òrùlé ilé ẹbí wa ní Kétu ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa ọmọ ilé náà, tí a wà káàkiri ní Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti Èkó, dáwó jọ kí ilé àwọn àgbà lè ní iná. A ra pánò sólà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 150. A tún ra bátìrì kan tí ẹni tó tà á fún wa búra pé ó lágbára bí erin. Ní oṣù àkọ́kọ́, inú gbogbo wa dùn. Àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò BEPC ń kàwé títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Kí ọdún tó yípo, iná kò kọjá aago mẹ́jọ mọ́. Nígbà tó yá, bí òòrùn bá ti ń wọ̀ báyìí, òkùnkùn dé nìyẹn.

A tún pàdé láti dáwó lẹ́ẹ̀kejì, ìjà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Àwọn kan ní kí a ra pánò kẹta. Àwọn mìíràn ní ẹ̀tàn ni gbogbo ọ̀rọ̀ sólà, pé kí a jókòó de iná ìjọba. Ìgbà náà ni ìyá àgbà béèrè pé: «Ẹ̀yin ọmọ mi, òòrùn tí ẹ ń kó ní ọ̀sán, inú kí ni ẹ ń tọ́jú rẹ̀ sí di alẹ́?» Kò sí ẹni tó rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ló mú kí a wá ìtàn lọ.

Àwọn baba ńlá wa mọ èsì rẹ̀. Fìtílà amọ̀ ni wọ́n ń tàn. Wọ́n á da epo pupa tàbí àdín sínú rẹ̀, wọ́n á ki òwú bọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi iná ràn án. Òòrùn ló pọ́n ẹyìn lórí ọ̀pẹ, ènìyàn ló fún epo, inú ìkòkò ni epo sì ń gbé. Ìmọ́lẹ̀ alẹ́ ti wà nípamọ́ nínú ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyàwó ilé mọ iye epo tó kù, ó sì mọ iye alẹ́ tí epo náà lè bá a dé. Nígbà tí epo òyìnbó dé pẹ̀lú àtùpà onígíláàsì, ọgbọ́n kan náà ni. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ á rántí: kí a tó tan àtùpà, a máa ń mì í létí láti gbọ́ bóyá epo inú rẹ̀ tó títí di òru.

Lẹ́yìn náà ni iná onítẹ́ńbẹ̀lú dé. Ní ọdún 1968, Dahomey, tí a ń pè ní Benin lónìí, àti Togo jọ dá ilé iṣẹ́ iná kan sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí CEB. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, iná láti ìdídò Akosombo ní Ghana bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1987, ìdídò Nangbéto lórí odò Mono, tí kò jìnnà sí Atakpamé, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú agbára mẹ́gáwáàtì 65. Ní 2007, wáyà ńlá láti Nàìjíríà wọlé sí Sakété. Ohun rere ni gbogbo èyí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bú u.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan yí padà tí a kò fura sí. Ibi tí a ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀ sí kúrò nínú ilé wa. Omi tó wà lẹ́yìn ìdídò ló di ìkòkò epo wa, ìkòkò náà sì wà ní ìlú ibòmíràn. Ní 1998, òjò kò rọ̀ tó, omi adágún Volta fà, iná Akosombo dín kù, Benin àti Togo sì wọ òkùnkùn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lówó ra ẹ̀rọ amúnáwá, àwọn tí kò lówó tún wá àtùpà wọn jáde. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ló ń mu kpayò, epo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ wò ó bí a ṣe tún padà sí ìgò: ẹni tó bá fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó dá a lójú gbọ́dọ̀ ní ohun tó fi pa á mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọ̀nà tí sólà gbà dé. Ní 1839, ní ìlú Paris, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan, Edmond Becquerel, ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí bàbá rẹ̀. Ó rí i pé bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sórí irin kan tó wà nínú omi kẹ́míkà, kúráǹ díẹ̀ ń jáde. Ní 1859, ọmọ Faransé mìíràn, Gaston Planté, ṣe bátìrì tí a lè lò tán kí a tún gba iná sí i: òjé ló fi ṣe é, ó sì rì í sínú ásíìdì. Irú rẹ̀ ni èyí tó wà nínú mọ́tò wa títí di òní.

Bátìrì ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́ kí pánò tó di ohun tó wúlò. Ìgbà tó di 1954 ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, Chapin, Fuller àti Pearson, fi sílíkọ́nì ṣe pánò tó ń sọ nǹkan bí ìdá 6 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ òòrùn di kúráǹ. Pánò tó dára lóde òní ń ṣe bíi 20 nínú 100.

Ní oṣù kẹta ọdún 1958, Amẹ́ríkà ju ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Vanguard 1 sí ojú ọ̀run. Ẹ̀rọ méjì tó ń fi ohùn ránṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀: bátìrì ń bọ́ ọ̀kan, sólà ń bọ́ èkejì. Ti bátìrì dákẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ti sólà ń sọ̀rọ̀ títí di 1964. Nígbà tí a ka èyí, a wo ojú ara wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ojú ọ̀run ló tún ṣẹlẹ̀ lórí òrùlé wa ní Kétu. Pánò kì í tètè kú. Òun ló sábà máa ń sin bátìrì.

A pe oníṣẹ́ iná mìíràn. Ó wọn pánò méjèèjì, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ó yí bátìrì padà, ó fi ohun tí wọ́n kọ sí i lára hàn wá: bátìrì mọ́tò ni, 12 V, 70 Ah. A ń ṣe bátìrì mọ́tò kí ó lè ta ipá ńlá fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti fi tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ́ńjìnnì sì tún bọ́ ọ kíákíá. A kò ṣe é kí a máa fà á gbẹ lálaalẹ́. Bí bátìrì olójé bá gbẹ tí a kò tètè fún un ní iná, ohun kan bí iyọ̀ á le mọ́ òjé inú rẹ̀ lára, agbára rẹ̀ kò sì ní í padà bọ̀ sípò. Kódà bátìrì olójé tí wọ́n dìídì ṣe fún sólà, kò yẹ kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ lálẹ́ kan tí a bá fẹ́ kí ó pẹ́. Ooru náà tún ń dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù.

Irú bátìrì mìíràn wà, líthíọ́mù. Sony ló kọ́kọ́ gbé e wá sí ọjà ní 1991. Ní 2019, wọ́n fún Goodenough, Whittingham àti Yoshino ní ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀. Èyí tó bá ilé mu jù ni irú tí wọ́n fi irin àti fọ́síféètì ṣe, tí yàrá ìwádìí Goodenough ní Texas gbé jáde ní 1997. LiFePO4 ni wọ́n ń kọ sí i lára. A lè lo ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ lálẹ́ kan. Èyí tó jẹ́ ojúlówó lè gba iná kí ó sì lò ó ju ìgbà 2,000 lọ, nígbà tí ti olójé fún sólà sábà máa ń wà láàárín 500 sí 1,000. Owó rẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ tí a bá ń rà á, ṣùgbọ́n ẹ pín owó náà sí iye ọdún tí yóò lò kí ẹ tó sọ pé ó wọ́n.

Ohun tí ìtàn kọ́ wa ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti alẹ́, bí àwọn ìyá wa ṣe ń ka epo fìtílà. A jókòó, a kà á báyìí:

Àńpúlù márùn-ún, wáàtì 7 ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí 5: 175.
Fáànù kan, wáàtì 50, fún wákàtí 8: 400.
Tẹlifíṣọ̀n kan, wáàtì 60, fún wákàtí 4: 240.
Fóònù mẹ́ta, 15 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 45.
Àpapọ̀: 860.

Bátìrì wa àtijọ́, 12 lọ́nà 70, jẹ́ 840 péré. Àṣé a ń fà á gbẹ pátápátá lálaalẹ́! Kì í ṣe iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Àìkà ni.

Nítorí pé nǹkan kan máa ń ṣòfò lójú ọ̀nà, a fi kún 860 kí ó di 1,000 fún bátìrì. Ti olójé, tí a ó lo ìdajì rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tó 2,000: 12 V, 200 Ah lè ṣe é. Ti LiFePO4, 12.8 V, 100 Ah jẹ́ 1,280, ìdá 80 rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 1,000. Ní ti pánò, òfò ibẹ̀ pọ̀ sí i, nítorí náà a sọ 860 di 1,150. Lágbègbè wa, a lè fi ọkàn sí wákàtí mẹ́rin òòrùn tó mú dáadáa lójúmọ́. Ẹ pín 1,150 sí mẹ́rin, ó sún mọ́ wáàtì 290. Pánò wa méjì jẹ́ 300. Wọ́n tó! Owó pánò kẹta tí a fẹ́ rà ì bá ṣòfò. Ẹ sì ṣọ́ra fún áyọ́ọ̀nù: ti wáàtì 1,000, bí a bá lò ó fún wákàtí kan, yóò jẹ iná ju ti gbogbo ilé náà lálẹ́ kan lọ.

Àwọn nǹkan mìíràn tí ó yẹ kí ẹ bojú tó rèé. Régulateur tó wà láàárín pánò àti bátìrì gbọ́dọ̀ bá irú bátìrì yín mu. Èyí tí a tò fún olójé lè ba líthíọ́mù jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ lo fírígò, onduleur yín gbọ́dọ̀ lè gbé ipá tí fírígò ń fà nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó pọ̀ ju wáàtì tí wọ́n kọ sí i lára lọ dáadáa. Ẹ kọ ojú pánò sí gúúsù, ẹ dà á díẹ̀ kí òjò lè máa fọ̀ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí òjìji igi bò ó. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ nu eruku rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹ gbé bátìrì sí ibi tútù tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí; ti olójé ń mú gáàsì tó lè gbiná jáde, kò yẹ nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó tà á, kí ọjọ́ ìrajà àti iye oṣù tí yóò fi dúró tì í wà nínú rẹ̀. Ìbúra ẹnu kì í ṣe ìwé.

Lónìí, ìjọba náà ti yíjú sí òòrùn. Ní 2021, Togo ṣí ilé iṣẹ́ sólà mẹ́gáwáàtì 50 ní Blitta. Ní 2022, Benin ṣí ti mẹ́gáwáàtì 25 ní Illoulofin, lágbègbè Pọ́bẹ̀, ní ilé wa níbí. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n òòrùn ń wọ̀ ní Illoulofin gẹ́gẹ́ bó ṣe ń wọ̀ lórí òrùlé wa, ìbéèrè ìyá àgbà sì kan ìjọba bó ṣe kan ẹbí.

Bátìrì ni a fi owó kejì rà. Pánò méjèèjì ṣì wà níbi tí wọ́n wà látìlẹ̀. Ní alẹ́, kí ìyá àgbà tó lọ sùn, ó máa ń ní kí ọmọ kan lọ wo iye iná tó kù lójú régulateur, bó ṣe máa ń mi àtùpà létí láyé ọjọ́un.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni wọ́n fi ń tanná nílé yín nígbà èwe yín? Ẹ bi àwọn àgbà kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ilé gbogbo wa kò ní í ṣókùnkùn o. Àṣẹ.