Èèpo Ẹ̀gẹ́ Kì í Ṣe Pàǹtírí: Bí Òwò Ṣe Ń Jèrè Níbi Tó Bá Ti Yanjú Ìṣòro Ìlú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí láyé ìgbà tí ilẹ̀ ṣì fẹ̀, tí èèyàn kò sì pọ̀ tó báyìí. Lóde òní, ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan gaàrí kọjá nílùú Ẹdẹ, nípìnlẹ̀ Ọ̀ṣun, tàbí ní ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà nílẹ̀ Yorùbá, yóò mọ̀ pé ààtàn pàápàá ti ń kọ̀ ọ́. Òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ á ga bí òkìtì ọ̀gán. Bí òjò bá rọ̀ sí i, yóò máa rùn, eṣinṣin á sì máa bò ó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọn á tiná bọ̀ ọ́, èéfín á sì gba gbogbo àdúgbò kan.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lónìí ni pé ǹjẹ́ èèyàn lè palẹ̀ irú ẹ̀gbin bẹ́ẹ̀ mọ́, kó sì jèrè níbẹ̀, láìjẹ́ pé ó ń retí owó ìjọba tàbí ti àwọn aláàánú? Ìdáhùn wa ni pé ó ṣeé ṣe, nítorí àwọn kan ti ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dáwọ́ lé e ló ń jèrè, ohun tó fà á sì yẹ ní mímọ̀.

ÈRÒ MÉJÌ LÓRÍ ÒWÒ

Lọ́dún 1970, Milton Friedman, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan fún ìwé ìròyìn New York Times, níbi tó ti sọ pé ojúṣe iléeṣẹ́ sí àwùjọ ni pé kó máa jèrè, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti rú òfin, tí kò sì lu jìbìtì. Lójú àwọn tó gba èrò yìí, ọ̀rọ̀ ìlú jẹ́ ti ìjọba, ọ̀rọ̀ owó sì jẹ́ ti oníṣòwò.

Lọ́dún 2011, Michael Porter, ọ̀jọ̀gbọ́n ní iléèwé ìmọ̀ okòwò ti Harvard, àti Mark Kramer, gbé èrò mìíràn kalẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà mẹ́ta ni iléeṣẹ́ lè gbà jèrè kí ìlú náà sì jèrè. Èkíní ni kó ṣe ọjà tí yóò bá àìní àwọn èèyàn tí a ti gbàgbé pàdé. Èkejì ni kó má ṣe fi ohun èlò ṣòfò nínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ohun tí a dà nù, owó ni. Ẹ̀kẹta ni kó gbé àwọn tó yí i ká dìde, ìyẹn àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn tó ń tà fún un.

Ṣáájú wọn ni Muhammad Yunus ti orílẹ̀-èdè Bangladesh ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn aláìní lówó kékeré láìgba ohun ìdúró lọ́wọ́ wọn, lọ́dún 1976. Obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó wá ń jàǹfààní rẹ̀. Iṣẹ́ náà di báńkì Grameen lọ́dún 1983, òun àti báńkì náà sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà lọ́dún 2006. Ọmọ Yorùbá tó mọ èésú àti àjọ kò ní rí i bí ohun àjèjì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ mọ́ ìtọrẹ àánú. Ẹni tó ń tọrẹ ti jèrè tán kó tó mú díẹ̀ jáde níbẹ̀. Níbi tí à ń wí yìí, ìṣòro náà gan-an ni oko tí èrè ti ń jáde.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ÈÈPO

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ló ń pèsè ẹ̀gẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí, jù lọ lágbàáyé. Ó lé ní mílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù lọ́dọọdún. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀gẹ́ tí a bá bó ló ń di èèpo.

Ewúrẹ́ àti àgùntàn ń jẹ èèpo yìí, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n lè jẹ kò tó nǹkan lára òkìtì náà. Èròjà tó ń di májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́, ó sì pọ̀ nínú èèpo ju inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn fi ń sá a sóòrùn kí ẹran tó jẹ ẹ́. Àmọ́ ó ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó gbẹ, nígbà òjò sì rèé, á ti bu kó tó gbẹ.

Lọ́wọ́ kejì, àwọn tó ń sin adìyẹ ń sunkún oúnjẹ. Oúnjẹ ẹran ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n ń ná, àgbàdo sì ni òpó rẹ̀. Bí àgbàdo bá ti wọ́n, ẹyin á wọ́n, ọ̀pọ̀ olóko adìyẹ á sì ti ilẹ̀kùn wọn. Ìṣòro méjì ló wà nílẹ̀ yìí: ọ̀kan ní ohun tí kò nílò, èkejì ń wá ohun tí kò rí.

OHUN TÍ WỌ́N ṢE NÍLÙÚ ÌBÀDÀN

Nǹkan bí ọdún 2015, àwọn olùṣèwádìí iléeṣẹ́ ILRI, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn ní ọgbà IITA n'Íbàdàn, gbé ọ̀nà kan jáde tí kò ju ohun tí àwọn tó ń yan gaàrí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí a ṣe èèpo bí a ti ń ṣe ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọn á kọ́kọ́ ṣa igi àti òkúta kúrò lára èèpo tútù. Wọn á lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́, wọn á dà á sínú àpò, wọn á sì fi jáàkì fún omi rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tú u, wọn á sẹ́ ẹ, wọn á wá sá a sóòrùn tàbí kí wọ́n yan án nínú agbada. Lílọ̀ náà ń jẹ́ kí sáyánáìdì tú jáde, púpọ̀ nínú rẹ̀ á sì bá omi àti afẹ́fẹ́ lọ. Èyí tó ń gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tẹ́lẹ̀ di iṣẹ́ wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Èyí tó kúnná wà fún adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀, èyí tó rí wóróko wà fún ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù.

Kò sí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ní láti lọ rà wá láti òkè òkun. Ohun èlò tó ti wà níbi ìyangaàrí náà ni wọ́n ń lò.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ RẸ̀

Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ló ń di tọ́ọ̀nù kan èyí tó gbẹ. Ká sọ pé àwọn obìnrin ibi ìyangaàrí kan ń bó ẹ̀gẹ́ tọ́ọ̀nù 15 lọ́sẹ̀. Èèpo wọn yóò tó tọ́ọ̀nù 3, èyí yóò sì di tọ́ọ̀nù 1, ìyẹn àpò 40 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kílò 25.

Kí oníṣòwò wá kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀: owó èèpo, owó dísù, owó òṣìṣẹ́, owó àpò àti owó ọkọ̀. Àròpọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi dáadáa dín ní iye tí wọ́n ń ta àgbàdo tó wọn bákan náà, nítorí èèpo ẹ̀gẹ́ ń fún ẹran lágbára ni, kò ní èròjà amúnidàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ fi sóyà tàbí ohun mìíràn kún un. Bí àgbàdo bá wálẹ̀ nígbà ìkórè, oníbàárà lè padà sídìí àgbàdo. Bákan náà, bí ọ̀nà bá jìn, owó ọkọ̀ á jẹ èrè run. Nítorí náà, ẹ̀bá ibi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ gan-an ló yẹ kí iṣẹ́ náà wà.

ÀWỌN TÓ TI RÌN LỌ́NÀ NÁÀ

Iléeṣẹ́ Psaltry, tí Oluyemisi Iranloye dá sílẹ̀, mọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn yìí dáadáa. Ẹ̀gẹ́ tí a bá wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó máa bàjẹ́, àgbẹ̀ tó wà lóko jíjìn sì máa ń pàdánù rẹ̀. Dípò kí ó kọ́ iléeṣẹ́ sí ìlú ńlá, ẹ̀bá àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Adó-Àwáyé, nípìnlẹ̀ Ọ̀yọ́, ló kọ́ ọ sí, tó sì ń sọ ẹ̀gẹ́ wọn di sítáàṣì fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Àgbẹ̀ rí ọjà tà, iléeṣẹ́ náà sì rí ẹ̀gẹ́ tútù lò.

Ní ìlú Èkó, Bilikiss Adebiyi bẹ̀rẹ̀ iléeṣẹ́ Wecyclers lọ́dún 2012. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù wọ àdúgbò tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò lè dé, wọ́n ń gba ike, agolo àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ń fún onílé ní máàkì tó lè fi gba ohun èlò ilé. Iléeṣẹ́ náà wá ń ta ohun tí wọ́n kó jọ fún àwọn tó ń sọ ọ́ di ọjà tuntun. Ẹ kíyè sí i pé onílé pẹ̀lú ń gba nǹkan. Ibẹ̀ gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà.

TA LÓ NI ÈÈPO?

Lónìí, ẹni tó bá ní ewúrẹ́ méjì lè wá kó èèpo lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tí yóò bi í. Lọ́jọ́ tí èèpo bá di owó, ìyẹn á dópin. Bí olówó kan bá gbé ẹ̀rọ wá, tó ń kó èèpo lọ láìsan kọ́bọ̀ fún àwọn obìnrin tó bó o, ìlú á mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́ á kù síbi tó wà. Àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ọjọ́ tí inú bá sì bí wọn, wọ́n lè tún tiná bọ èèpo náà, òwò ọ̀hún á sì kú.

Èyí tó dára ni kí àwọn obìnrin náà kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n máa ta èèpo ní ìwọ̀n kílò, tàbí kí wọ́n ní ìpín nínú iṣẹ́ náà. Kí wọ́n sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń sin ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìnkùlé.

Ohun kejì tó yẹ ní kíkíyèsí ni omi tí wọ́n fún kúrò lára èèpo. Májèlé wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá dà á sínú gọ́tà tàbí sínú odò kò tíì yanjú ìṣòro kankan, ó kàn gbé e láti orí ààtàn lọ sínú omi ni. Ẹdẹ tí odò Ọ̀ṣun àti odò Erinlẹ̀ wà lágbègbè rẹ̀, tí àwọn èèyàn sì ń mu omi ibẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí. Kòtò tó jìnnà sí kànga àti odò ni ibùgbé omi náà.

Ìlú Ẹdẹ kò ṣàìní ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Iléèwé gíga Poli ìjọba àpapọ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1992, Yunifásítì Adélékè àti ti Redeemer's náà sì wà níbẹ̀. Àwọn tó mọ ẹ̀rọ àti àwọn tó mọ ìṣirò wà nílé. Àwọn obìnrin tó mọ ẹ̀gẹ́ bíi ẹni mowó ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ohun tó kù ni kí wọ́n jókòó sọ̀rọ̀ pọ̀, kí wọ́n fẹnu kò lórí ẹni tí yóò gba kí ni, kí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó dún.