Fífojú inú wo ara ẹni lọ́jọ́ iwájú

Fífojú inú wo ara ẹni lọ́jọ́ iwájú jẹ́ ẹ̀ka kan nínú ìmọ̀ ìrònú àti ìwà ẹ̀dá. Ó ń wádìí irú ẹni tí a rò pé a ó dà, àti bí èrò yìí ṣe ń darí ohun tí à ń ṣe lónìí.

Hazel Markus àti Paula Nurius ló la ọ̀nà ìwádìí yìí gan-an, ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1986. Wọ́n ní ẹni tó bá wo iwájú kì í rí ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀: ó ń rí ẹni tó wù ú kó dà, ó sì ń rí ẹni tó ń bẹ̀rù kó má lọ dà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń rí ara rẹ̀ bíi dókítà lè máa rí ara rẹ̀ bí aláìníṣẹ́ pẹ̀lú, kí méjèèjì sì jọ máa tì í sídìí ìwé.

Ìrántí la fi ń ṣe àwòrán ọjọ́ iwájú. Ní 1981, Kent Cochrane, ará Kánádà, ní ìjàǹbá alùpùpù, ọpọlọ rẹ̀ sì fara pa gidigidi. Kò gbàgbé ìmọ̀ tó ti kọ́, ṣùgbọ́n kò lè rántí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí i láyé rẹ̀. Nígbà tí Endel Tulving, onímọ̀ nípa ìrántí, bi í pé kí ni yóò ṣe lọ́la, ó ní òfìfo lòun rí. Ẹni tí àná ti sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀ kò rí ọ̀la mú.

Àwa tí ìrántí wa pé ńkọ́? Hal Hershfield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọpọlọ wò, wọ́n sì rí i pé bí ènìyàn bá ń ronú nípa ara rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sí i, ọpọlọ rẹ̀ a máa ṣe bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń rò. Ní 2011, wọ́n fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sọ ojú àwọn ọ̀dọ́ di ti arúgbó, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n rí i nínú dígí inú ẹ̀rọ náà: irun funfun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti hunjọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n pín 1,000 dọ́là. Àwọn tó rí ojú ogbó wọn ya nǹkan bíi 172 dọ́là sọ́tọ̀ fún ìgbà ìfẹ̀yìntì. Àwọn yòókù ya 80. Lójú tèmi, ìwádìí yìí gba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn ìwà àpà. Wọn kò tíì mọ àgbàlagbà tí wọ́n ń bá tọ́jú owó ni.

Jordi Quoidbach, Daniel Gilbert àti Timothy Wilson bi àwọn ènìyàn tó lé ní 19,000 léèrè, láti ẹni ọdún 18 dé 68. Ìwádìí náà jáde ní 2013. Tọmọdé tàgbà ló gbà pé àwọn ti yí padà púpọ̀ ní ọdún mẹ́wàá tó kọjá, síbẹ̀ wọ́n rò pé díẹ̀ ló kù tí yóò yí.

Àlá dídùn nìkan kò sì tó. Gabriele Oettingen, ará Jámánì, tẹ̀lé àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn. Àwọn tó gbà pé ó máa ṣeé ṣe fọn dáadáa. Àwọn tó kàn ń gbádùn àwòrán ara tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́kàn wọn kò fọn tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn tó mú jáde lẹ́yìn náà ni pé kí ènìyàn ro ohun tó fẹ́, kó sì ro ohun tó dínà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.