Etí Ẹ́ńjìnnì: Láti Ìgbà Òjé Dé Ìgbà Sẹ́ńsọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, iná ẹ́ńjìnnì tàn nínú ọkọ̀ mi ní Àkúrẹ́. Mẹkáníìkì kan ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, ó rí P0325: knock sensor. Ó pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀, mo sanwó, iná tún tàn. Ó ní gíà ló kàn. Mo bá wa ọkọ̀ náà lọ sí Òǹdó. Nígbà tí mo fi dé Bọ́lọ́rundúró, kò fà mọ́, epo sì ń lọ bí omi.

Knock tí mo ń wí kì í ṣe ti “ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì” tí à ń sọ bó bá kú tán o. Epo àti afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù nínú sílíńdà ló ń gbiná fúnra rẹ̀ kí iná pílọ́ọ̀gì tó kàn án. Á máa dún kan-kan-kan. Bó bá pẹ́, á ba pístìn jẹ́. Ní 1921, Thomas Midgley ní General Motors rí i pé òjé díẹ̀ nínú epo ń pa ariwo náà mọ́ ọn lẹ́nu. Ní 1924, májèlé yìí pa òṣìṣẹ́ márùn-ún ní New Jersey. Síbẹ̀ wọ́n ń tà á. Gbogbo wa tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì la fà á símú, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń bà jẹ́ jù. Ìbẹ̀rẹ̀ 2006 ni gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí a gbọ́ ariwo náà. Ní 1880, Pierre Curie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Jacques, rí i pé bí a bá tẹ àwọn òkúta kan, iná mànàmáná á jáde lára wọn. Iṣẹ́ tí knock sensor ń ṣe nìyẹn. Bó bá gbọ́ kan-kan, kọ̀ǹpútà á fa àkókò iná pílọ́ọ̀gì sẹ́yìn díẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà kò bá wá gbúròó sẹ́ńsọ̀ mọ́, ẹ̀rù á bà á, á fà á sẹ́yìn títí. Nínú ọkọ̀ mìíràn, kò ní gba gíà tó ga jù. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń wọ́.

Ní Òǹdó, bàbá mẹkáníìkì kan kò ra sẹ́ńsọ̀. Ó tọ wáyà rẹ̀ lọ: eku ti jẹ ẹ́. Ó fi òmíràn sí i, ọkọ̀ sì fà. Ó ní, “Prof, etí ò di, ọ̀nà etí ló di.”

Ọdún gbọọrọ ni mo fi kọ́ yín pé kí ẹ yẹ ọ̀nà tí ẹ̀rí gbà dé wò kí ẹ tó bá ẹlẹ́rìí jà. Mo gbàgbé rẹ̀ ní Àkúrẹ́, mo sì tún owó ẹ̀kọ́ san.