Jésù Tó Ró Aṣọ Àdúrà

Bí mo bá ní kí ẹ di ojú, kí ẹ fi ọkàn wo Jésù lórí àgbélébùú, mo mọ ohun tí ẹ máa rí: adé ẹ̀gún lórí, aṣọ funfun kékeré ní ìbàdí. Aṣọ ìbàdí yẹn gan-an ni mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ayàwòrán kan wà tó pààrọ̀ rẹ̀, ohun tó sì ṣe yẹn yí bí èmi fúnra mi ṣe ń wàásù padà.

Marc Chagall ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1887 ni wọ́n bí i ní agbègbè Vitebsk, lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà. Ìdílé Júù tó di ẹ̀sìn mú ṣinṣin ni ìdílé rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń kó ẹja oníyọ̀ sí ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ agbára. Inú ilé ni ọmọ náà ti mọ aṣọ àdúrà, aṣọ funfun onílà dúdú tí ọkùnrin Júù máa ń dà bora bó bá fẹ́ gbàdúrà. Nínú ìlú kan náà, ó ń rí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kristẹni, tí àwòrán Jésù àti Màríà kún inú wọn. Òfin ìgbà náà kò gbà kí Júù máa gbé ibi tó wù ú. Nígbà tí Chagall fẹ́ kọ́ṣẹ́ ní St. Petersburg, àfi kó gba ìwé àṣẹ. Ẹ ò rí nǹkan: àlejò ni lórí ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí.

Kó tó pé ọmọ ọdún 25, ó ti dé Párís. Níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ń pa òfin àtijọ́ tì. Wọ́n ń ya ojú èèyàn bíi dígí tó fọ́, wọ́n ń fi àwọ̀ tó bá wù wọ́n kun ohunkóhun. Chagall kọ́ ọgbọ́n wọn, àmọ́ kò gbàgbé ilé. Ọgbọ́n Párís ló fi ń ya Vitebsk: màlúù, ilé pákó, onígòjé lórí òrùlé. Ó padà sílé ní 1914, ogun sì há a mọ́bẹ̀. Ní 1922 ó tún kúrò, ó sì padà sí ilẹ̀ Faransé lọ́dún kejì. Ọdún 1937 ni wọ́n tó sọ ọ́ di ọmọ ìlú níbẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba Hitler ní Jámánì kó iṣẹ́ rẹ̀ síta ní Munich, láàárín àwọn àwòrán tí wọ́n ní kí aráyé wá fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn náà ni 1938 dé. Wọ́n wó sínágọ́gù Munich àti ti Nuremberg. Ní òru ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun sínágọ́gù káàkiri Jámánì, wọ́n sì kó nǹkan bí 30,000 ọkùnrin Júù lọ sí àhámọ́. Ọdún yẹn ni Chagall ya àwòrán tí à ń sọ yìí, tí à bá pè ní Ìkànmọ́ Àgbélébùú Funfun.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Jésù wà láàárín, ìmọ́lẹ̀ funfun ń tàn lé e láti òkè. Kò sí adé ẹ̀gún, aṣọ ni wọ́n fi wé e lórí. Níbi ìbàdí, aṣọ àdúrà onílà dúdú ló ró. Ọ̀pá fìtílà àwọn Júù ń jó lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Lápá òsì, àwọn ológun tó gbé àsíà pupa ń ya wọ abúlé kan, ilé ń jóná, àwọn tó sá àsálà kún inú ọkọ̀ ojú omi. Lápá ọ̀tún, sínágọ́gù ń jó. Nísàlẹ̀, ìyá kan gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ọkùnrin kan gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn ó ń sá lọ. Arúgbó kan gbé páálí kọ́ àyà. Chagall kọ́kọ́ kọ "Júù ni mí" sí i ní èdè Jámánì, lẹ́yìn náà ló fi ọ̀dà pa á rẹ́. Àkàsọ̀ kan fara ti àgbélébùú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gùn ún lọ sọ Jésù kalẹ̀.

Ẹ má ṣì í gbọ́ o. Chagall kò di Kristẹni. Júù tó kú ikú oró ló rí nínú Jésù, àwa rí Olúwa tó jíǹde. Ẹ má jẹ́ ká fi ìgbàgbọ́ wa sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó rí ohun tí àwa gbàgbé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dáná yẹn, tàbí tó dúró tó ń wòran, ló ti ṣèrìbọmi, tí àgbélébùú sì wà lára ògiri ilé wọn. Chagall gba àmì wọn, ó fi aṣọ àwọn bàbá rẹ̀ wọ̀ ọ́, ó wá bi wọ́n pé: ṣé ẹ mọ ọmọ ẹni tí ẹ ń sìn?

Ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ni mo ti kọ́kọ́ rí àwòrán yìí nínú ìwé kan. Olùkọ́ wa bi wá pé, "Kí ló ró?" Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Kó tó dìgbà yẹn, gbogbo Ọjọ́ Ẹtì Rere ni mo máa ń pariwo pé àwọn Júù ló pa Jésù, tí àwọn èèyàn á ṣe àmín. Mo ti jáwọ́. Júù ni Màríà, Júù ni Pétérù, Júù ni ẹni tí wọ́n kàn mọ́gi. Bí mo bá ń ka gbogbo ẹ̀yà kan sí apànìyàn lórí àga ìwàásù, igi ni mò ń ṣẹ́ fún ẹni tó fẹ́ dáná.

Chagall sá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1941. Ó padà sí Faransé lẹ́yìn ogun, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1985. Àwòrán náà wà ní Art Institute ní Chicago.

Ẹ̀yin ará, púpọ̀ nínú wa ló ń sin Ọlọ́run ní ìlú tí kì í ṣe ìlú bàbá wa. A mọ bó ṣe máa ń rí kí wọ́n fi ẹ̀yà pe èèyàn, kí wọ́n tó fi orúkọ pè é. Nítorí náà, bí ẹnu wa bá tún fẹ́ sọ pé "àwọn èèyàn wọ̀nyẹn, bí wọ́n ṣe rí nìyẹn," ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo aṣọ tí Jésù ró.