Ta Ni Ó Rán Ẹ̀wù Yìí? Ọ̀rọ̀ lórí Jákẹ́ẹ̀tì Aláwọ ti Àwọn Ọmọ Ogun Òfurufú Amẹ́ríkà

Mo mọ̀ pé yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu pé onímọ̀ lítíréṣọ̀ dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wù. Kì í ṣe pé mo fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ìbéèrè tí àwa lámèyítọ́ máa ń bi ìwé tí kò ní orúkọ òǹkọ̀wé ni mo fẹ́ bi ẹ̀wù kan: ta ni ó ṣe ọ́, kí sì ni ẹ̀rí rẹ̀?

Ẹ̀wù náà ni jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tí àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ń pè ní A-2. Ọdún 1931 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Awọ ẹṣin ni wọ́n fi rán èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi rán òmíràn. Ó ní sípù níwájú, àpò méjì tí ó ní ìdérí, ọ̀já ní èjìká méjèèjì, àti aṣọ híhun tí ó fún un pọ̀ ní ọrùn ọwọ́ àti ní ìbàdí. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kejì ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, iye àwọn tí yóò wọ̀ ọ́ di ohun tí apá ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo kò lè ká. Ìjọba pín iṣẹ́ náà káàkiri: Rough Wear ní Middletown, Pennsylvania, Aero Leather ní Beacon àti Perry Sportswear ní Newburgh, ní ìpínlẹ̀ New York, Dubow ní Chicago, tí ó ti ń ṣe ohun èlò eré ìdárayá ṣáájú ogun, àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Ní ọdún 1943 ìjọba kò gbé iṣẹ́ A-2 fún wọn mọ́.

Àwòrán kan náà, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 30-1415, ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé. Síbẹ̀ ẹ̀wù wọn kò rí bákan náà. Èyí kò yẹ kí ó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu. Bí akéwì mẹ́ta bá ki oríkì orílẹ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ ìdílé kan náà ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí etí rẹ̀ mọ́ wọn lára kò ní í ṣi ohùn ọ̀kan mú fún ti èkejì. Àwòrán náà sọ pé kí ẹ̀wù ní kọ́là. Bátánì ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó sọ bí ṣóńṣó kọ́là náà yóò ti rí. Àwọn kan rán kọ́là mọ́ ìgbátí kan ní ọrùn. Àwọn mìíràn rán an mọ́ ara ẹ̀wù tààrà. Ìdérí àpò ti ẹnìkan rọra tẹ̀ kọrọdọ, ti ẹlòmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ gún. Ẹ wo ojú abẹ́rẹ́ ní ibi tí ọ̀já èjìká ti pàdé apá. Ẹ wo bí ìlà òwú ti jìnnà sí etí awọ tó. Níbẹ̀ ni àṣà ọwọ́ wà, nítorí kò sí ẹni tí ó rò pé ẹnikẹ́ni yóò wo ibẹ̀.

Ẹ̀rí tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń wá ni lébẹ́ẹ̀lì, aṣọ pẹlẹbẹ kékeré tí a rán sí inú ọrùn ẹ̀wù, tí orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà kọ́ńtíráàtì wà lára rẹ̀. Ẹ̀rí ńlá ni bí ó bá jẹ́ ojúlówó. Ṣùgbọ́n lébẹ́ẹ̀lì a máa já, ó sì ṣeé rán mọ́ ẹ̀wù ẹlẹ́wù. Ti sípù tún burú jù: Talon, Crown àti Conmar ń tà á fún onírúurú ilé iṣẹ́, àwọn ológun fúnra wọn sì pààrọ̀ èyí tí ó bàjẹ́, bí wọ́n ti tún pa ẹ̀wù mìíràn láró kí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó bá fi sípù nìkan dájọ́ dà bí ẹni tí ó fi èèpo ẹ̀yìn mọ ọjọ́ orí ìwé tí wọ́n ti tún dì.

Nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà, opó àgbàlagbà kan ni ó ni ilé tí mo gbé. Jákẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ wà ní ìkọ́ nínú yàrá, láìní lébẹ́ẹ̀lì. Oníṣòwò kan wá, ó ní Rough Wear ni, ó sì mú lébẹ́ẹ̀lì àfarawé kan jáde láti inú àpò, pé bí Màmá bá lè gbà kí òun rán an sí i, owó rẹ̀ yóò ròkè. Màmá pè mí, ó ní, “Ìwọ tí o ń ka ìwé àtijọ́, wá ka èyí fún mi.” Mo wo ihò abẹ́rẹ́ tí lébẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ fi sílẹ̀. Ti oníṣòwò náà fẹ̀ jù ú lọ. Kò lè jẹ́ irú rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnìkan tí ó ní irú rẹ̀ mélòó kan tí lébẹ́ẹ̀lì wọn pé. Kọ́là, ìdérí àpò àti ojú abẹ́rẹ́ èjìká, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti Aero Leather mu, kò sì sí ọ̀kan tí ó bá Rough Wear mu.

Inú mi dùn pé mo ti já a. Ìgbà náà ni Màmá bi mí pé, “Ilé iṣẹ́ nìyẹn. Ta ni ó rán an?”

Ẹnu mi wọhò. Títí di òní, ìbéèrè yẹn ni mo kà sí gidi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ rántí Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, tí ó kú ní ọdún 1938. Ilẹ̀kùn tí ó gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ dé ibi àfihàn ní Wembley ní ọdún 1924, ó sì wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Kò kọ orúkọ sí i lára. Ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi mọ àwọn iṣẹ́ rẹ̀ yòókù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1988, nígbà tí John Pemberton dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, ìyá náà ṣì lè ki oríkì rẹ̀ fún un. Oríkì ni lébẹ́ẹ̀lì Ọlọ́wẹ̀. Ẹni tí ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ní Beacon kò ní irú rẹ̀. Kódà ọwọ́ tí a rò pé a dá mọ̀ lára ẹ̀wù náà kì í ṣe ọwọ́ ẹnìkan: ẹnìkan gé awọ, ẹlòmíràn rán apá, ẹlòmíràn kan bọ́tìnnì. Odò Hudson nìkan ni ó sì la Beacon àti Newburgh láàárín. Òṣìṣẹ́ tí ó bá kúrò níhìn-ín lè rí iṣẹ́ lọ́hùn-ún, kí ó sì gbé àṣà ọwọ́ rẹ̀ dání. Nítorí náà, bí mo bá wí pé Aero ni ó ṣe ẹ̀wù kan, bátánì ni mo dárúkọ, n kò dárúkọ ènìyàn.

Màmá kò ta á. Ó ní kí oníṣòwò náà máa gbé lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ, ó sì gbé ẹ̀wù náà padà sí ìkọ́, pẹ̀lú ihò abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn ní ọrùn rẹ̀.