Owó Fàdákà ní Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Kí ṣílè tó gbilẹ̀ lọ́jà Òṣogbo àti Iléṣà, owó ẹyọ ni àwọn ará ibẹ̀ ń ná, ìyẹn ìkarahun kékeré tí àwọn oníṣòwò òyìnbó ń kó wá láti erékùṣù Maldives, tí wọ́n sì tún ń kó láti Zanzibar nígbà tí ó di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá, tí í ṣe 20,000 ẹyọ, sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀kẹ́ kan tó ẹrù alábàárù kan, síbẹ̀ nǹkan bíi ṣílè márùn-ún péré ni iye rẹ̀ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún náà, nítorí pé bí ẹyọ ṣe ń pọ̀ sí i nílùú ni iye rẹ̀ ń já wálẹ̀.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Kírìjí tú ká ní 1893, ọ̀nà ọjà là, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin sì dé Òṣogbo ní 1907, ìlú náà di ibi tí àwọn ará Ìjẹ̀ṣà ti ń ra ọjà òyìnbó, tí wọ́n sì ń kó kòkó wọn lọ tà. Owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ń ná, kí ìjọba amúnisìn tó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní London ní 1912 láti máa ṣe owó fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti 1913 ni ìgbìmọ̀ yìí ti ń rọ ṣílè méjì, ṣílè kan, sísì, tí í ṣe ìlàjì ṣílè, àti tọ́rọ́, tí í ṣe ìlàjì sísì. Orí Ọba George Karùn-ún tí ó dé adé wà lójú kan ṣílè náà, igi ọ̀pẹ sì wà lójú kejì. Ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ fàdákà, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì tó gíráàmù mẹ́fà, débi pé ohun tí alábàárù ń fi orí rù tẹ́lẹ̀ di ohun tí ènìyàn lè dì mọ́wọ́.

Ìrọ̀rùn yìí ran àwọn Òṣómàáló lọ́wọ́, ìyẹn àwọn oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń tajà láwìn káàkiri, tí wọ́n sì gba orúkọ náà nítorí pé wọ́n máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Ẹni tí ń rìn láti abúlé dé abúlé láti gba gbèsè díẹ̀díẹ̀ kò lè ru ọ̀kẹ́ owó ẹyọ kiri, ṣùgbọ́n ó lè kó ṣílè sínú àpò. Àwọn alágbẹ̀dẹ náà mọyì owó yìí, nítorí pé wọ́n lè yọ́ ọ láti fi rọ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní mú kí fàdákà wọ́n gógó, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dín fàdákà inú owó tiwọn kù sí ìdajì ní 1920, ní ọdún kan náà ni ìgbìmọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin àdàlù tí ó pọ́n bí idẹ rọ ṣílè fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Igi ọ̀pẹ ṣì wà lára rẹ̀, iye rẹ̀ lọ́jà kò sì yí padà, ṣùgbọ́n kò sí fàdákà tí alágbẹ̀dẹ lè yọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1959, náírà sì rọ́pò ṣílè ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973, tí ṣílè mẹ́wàá di náírà kan.

Ọwọ́ àwọn ẹbí ni ìtọ́jú ṣílè 1913 wà. Ó yẹ kí ìdílé tí ó bá rí i nínú àpótí àwọn baba ńlá wọn kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín àti òwò tí ó ṣe sílẹ̀, kí wọ́n sì fi han àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Òṣogbo, nítorí pé ṣílè tí a bá ti yọ́ kò lè jẹ́rìí sí òwò àwọn Òṣómàáló mọ́.