Ọta Àgbá Kì í Ṣe Òkúta

Àlàyé tí wọ́n kọ́ gbogbo wa níléèwé nípa bí òtútù ṣe ń fọ́ òkúta kúrú, kò sì le láti há sórí. Òjò wọ inú ihò òkúta, ilẹ̀ tutù lóru, omi dì, ó fi nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 wú sí i, òkúta là. Ilẹ̀ mọ́, ó yọ́. Ilẹ̀ ṣú, ó tún dì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ títí òkúta yóò fi di wẹ́wẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ jiyàn, wọ́n á ní kó lọ wo ìgò omi tó gbàgbé sínú fírísà. Irọ́ kọ́ ni wíwú omi. Ohun tí mo ń bá jà ni pé wọ́n ti di gbogbo ẹrù ọ̀rọ̀ náà rù ú, kò sì lè gbé e.

Ẹ̀rí kan tó gbajúmọ̀ lórí agbára wíwú yìí gba Woolwich, ní ilẹ̀ England, kọjá kó tó dé etí aráyé. Ní 1784 àti 1785, Major Edward Williams, ọ̀gá ológun ní Royal Artillery, wà ní Quebec ní Kánádà. Ó rọ omi kún inú ọta àgbá, irú èyí tó ṣófo nínú tí wọ́n máa ń rọ ẹ̀tù sí, ó fi òòlù gbá èdídí irin mọ́ ẹnu rẹ̀, ó wá gbé e síta kí òtútù ibẹ̀ bá a wí. Èdídí ta jáde bí ìgbà tí wọ́n yìnbọn. Ọ̀kan fò ju 400 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Níbi tí èdídí ti kọ̀ tí kò ṣí, ọta fúnra rẹ̀ ló bẹ́. Charles Hutton, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Royal Military Academy ní Woolwich, ló fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí Royal Society of Edinburgh, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1790.

Ẹ wá wo ọta náà dáadáa. Níbi tí èdídí ti fò, yìnyín gba ẹnu ihò yọ gbọọrọ síta, ọta kò sì bẹ́. Ìyẹn ni pé bí yìnyín bá rí ọ̀nà, ọ̀nà ló máa ń gbà. Irin ni ọta, wọ́n dí i pa. Òkúta ńkọ́? Ìlàpa rẹ̀ lẹ́nu, afẹ́fẹ́ sì wà nínú ihò rẹ̀. Àfi tí omi bá kún inú ihò náà tó nǹkan bí ìdá 91 nínú 100 ni wíwú yóò tó di ìjàngbọ̀n.

Ẹni tó tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí jù lọ ni Stephen Taber, onímọ̀ ilẹ̀ ará Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1930 ó gbé ìròyìn àdánwò kan jáde: dípò omi, benzene ló jẹ́ kí amọ̀ mu. Benzene kì í wú bó bá dì, sísún kì ló máa ń sún kì. Bí a bá tẹ̀lé àlàyé iléèwé, ó yẹ kí amọ̀ náà wọlẹ̀. Ńṣe ló ru sókè.

Kí ló gbé e sókè nígbà náà? Omi tuntun tó ń wọlé ni. Bí òtútù bá tilẹ̀ ti kọjá òdo, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ omi kan ṣì máa ń wà láàárín yìnyín àti ara òkúta, kì í dì. Ibẹ̀ ni yìnyín ti ń fa omi láti apá tí kò tíì dì, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Ìpele yìnyín ń nípọn díẹ̀díẹ̀, ó sì ń ti ògiri ìlàpa sọ́tùn-ún sósì. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Walder àti Hallet, ló fi ìṣirò gbé èyí dé orí òkúta ní 1985. Nígbà tó yá, Hallet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́tí sí òkúta oníyanrìn bó ṣe ń dì: àárín −3 sí −6 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó ti ń pariwo fífọ́ jù, kì í ṣe ní òdo níbi tí omi ti ń wú. Ní 2006, àwọn onímọ̀ mìíràn, Murton, Peterson àti Ozouf, fi òkúta ẹfun tó mu omi ṣe àdánwò. Ó là, ìpele yìnyín sì wà nínú ìlàpa rẹ̀.

Nítorí náà, kíka iye òru tí ilẹ̀ dì tí ó tún yọ́ kò sọ púpọ̀ fún wa. Òtútù kan ṣoṣo tó pẹ́, tí omi sì ń dé ibi tó ti ń dì, lè ba òkúta jẹ́ ju ọ̀pọ̀ òru kéékèèké tí yìnyín wọn ti yọ́ kí a tó jẹun òwúrọ̀. Ẹni tó tún wá gbé àlàyé iléèwé yìí lọ sórí òkè Ìdànrè ti ṣìnà pátápátá. Omi kì í dì níbẹ̀, kódà nígbà ọyẹ́. Òjò, ooru àti ẹrù ilẹ̀ tó ti ṣí kúrò lórí òkúta náà ló ń bó o.

Mo gbà pé wíwú omi ní ibi tó ti ń jọba: ìdí ògiri àtijọ́ tí gọ́tà ń jò sí, tí bíríkì ibẹ̀ mu omi yó, tí òtútù sì dé lójijì. Ibẹ̀ náà, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bá wí. Ẹ tún gọ́tà ṣe. Ẹ má sì jẹ́ kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì líle dí ojú ìsopọ̀ bíríkì tí wọ́n fi àpòpọ̀ oníláìmù mọ, torí omi tó yẹ kó gba ibẹ̀ jáde á jókòó sínú bíríkì, ojú bíríkì á sì máa ṣí kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.